Ẹ̀yìn Ìyá Mi Ni Mo Wà Tí Wọ́n Fi Lọ Sí Aké

Ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023 ni ìdìbò ààrẹ wáyé. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbé àga onírọ́bà tẹ̀lé ìyá tó bí ìyá mi lọ sí ibùdó ìdìbò wọn ní Abẹ́òkúta. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, ìlà ti gùn kọjá ilé kejì. Màmá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nígbà náà. Wọ́n fi káàdì ìdìbò wọn sínú ọ̀rá, wọ́n wá ti ọ̀rá náà bọ inú àpò kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ abẹ́ ìró, ibi tí wọ́n ń kó owó ọjà sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú ní kí Màmá bọ́ síwájú, kí wọ́n tètè tẹ̀ka kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n ní rárá, àwọn máa tò. Nígbà tó ṣe, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Káàdì tìẹ dà?"

Káàdì tèmi wà ní ọ́fíìsì àwọn elétò ìdìbò ní ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Ìparí ọdún 2021 ni mo forúkọ sílẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí orí mi ń wú. Wọ́n ní kí a wá gba káàdì, mo ní màá lọ lọ́la. Ọ̀la yẹn ni mò ń sọ títí tí àṣẹ fi dé pé kí gbogbo yunifásítì wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sílé lọ dìbò. Mo lọ sílé lóòótọ́. Káàdì kò bá mi lọ.

"Mi ò tíì gbà á, Màmá."

Màmá ò bá mi wí. Wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n ń wo iwájú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ ọ́: "Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí wọ́n fi lọ jókòó sí Aké."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, tí mo lè ka oríkì orílẹ̀ bí ẹní ń mumi, mi ò mọ ohun tó gbé ìyá ìyá ìyá mi dé Aké tòun tọmọ lẹ́yìn. Ohun tí mo bá pàdé nínú ìwé lẹ́yìn tí a wọlé padà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ, nítorí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ló kọ́ obìnrin ilẹ̀ wa ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó dé, Ìyálóde ń bá àwọn ìjòyè jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1864 ni Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde. Ìbàdàn náà ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà. (Inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ Ẹfúnṣetán. A mọ ìkà tó ṣe fẹ́rú nínú eré náà dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rántí pé ẹnì kan bi wá rí nínú kíláàsì pé iṣẹ́ wo ni oyè rẹ̀ ń ṣe nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn.) Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dọ́gba o. Ìyálóde kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ìjòyè ọkùnrin, ìyẹn kò tíì di ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹnu kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ti obìnrin. Nígbà tí ìjọba amúnisìn wá ní ọwọ́ ọba àti ìjòyè làwọn máa gbà ṣàkóso ìlú, ọkùnrin ni wọ́n ń wá, ọkùnrin ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu yẹn bá pa dé.

Ọdún tó yẹ kí a dúró lé lórí ni 1918. Ní oṣù Kejì ọdún náà, òfin tuntun jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún àwọn obìnrin tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn tàbí ọkọ wọn ní ilé tàbí ilẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn obìnrin náà jà kí wọ́n tó rí i gbà. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n kọ oúnjẹ nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn wọ́dà sì ń fi rọ́bà ti oúnjẹ sí wọn lọ́fun tipátipá. Ọdún 1928 ni tiwọn tó wá bá ti ọkùnrin dọ́gba. Ní 1918 kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Kì í ṣe lọ́wọ́ baálé ilé nìkan. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, èyí tí à ń pè ní Ogun Adùbí. Wọ́n fi ìbọn pa á rẹ́, owó orí sì dúró.

Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo pa ìwé dé fúngbà díẹ̀. Ọdún kan náà, ìjọba kan náà: ó fún obìnrin tirẹ̀ ní ìwé ìdìbò, ó fún obìnrin tiwa ní ìwé owó orí.

Ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan wà tí ìtàn méjèèjì yìí ṣojú rẹ̀. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1919 ó lọ kàwé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn obìnrin ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìbò. Ó bọ́ Frances àti Abigail sọ́hùn-ún, ó ní Fúnmiláyọ̀ tó òun. Ọdún 1922 ló padà dé, ọdún kan náà tí Gómìnà Clifford gbé òfin ìṣèjọba tuntun jáde fún Nàìjíríà. Òfin yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí dìbò yan aṣòfin. Mẹ́rin péré ni àwọn tí wọ́n lè fìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Calabar. Ta ló sì lè dìbò? Ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀, ì báà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ lówó.

Síbẹ̀ àwọn obìnrin Èkó wọnú ìṣèlú náà. Nígbà tí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, àwọn ìyálọ́jà wà lára àwọn tó dúró tì í jù lọ. Olórí wọn ni Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja, olórí ọjà Eréko, obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba ní obìnrin Èkó tó bá ń rí àádọ́ta pọ́n-ùn lọ́dún máa san owó orí, Pelewura kó àwọn obìnrin jáde, wọ́n tilẹ̀kùn ọjà. Ìjọba ní ó dáa, ó di ẹni tó bá ń rí igba pọ́n-ùn. Ìyá tí kò ní ìbò kankan ló ṣe ìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, a máa padà sí i, nítorí ó dàbí pé ó ń ta ko ohun tí mò ń sọ.

Ó di Abẹ́òkúta, níbi tí Màmá ti dárúkọ Aké.

Lọ́dún 1932, Fúnmiláyọ̀, tó ti di ìyàwó Israel Ransome-Kuti, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó kàwé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti àpèjẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó yí ẹgbẹ́ náà padà kéré tí a bá fojú wò ó: ìyálọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ̀wé kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé, àwọn tó ń kọ́ni sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Àsìkò ogun àgbáyé kejì ni. Àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní iye tó wù wọ́n, nígbà mìíràn wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Owó orí ń ga sí i. Láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin, àwọn agbowó orí sì ń tú ọmọ ọlọ́mọ sí ìhòòhò láti wò ó bóyá ó ti tó san án. N kò ní tún ibẹ̀ yẹn kà mọ́. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ń ta iṣu, tí wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ rẹ̀ ní gbangba nítorí ṣílè díẹ̀.

Lọ́dún 1946 ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà, ó di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, olówó àti aláìní, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. Àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, ẹ gbọ́ eléyìí: Fúnmiláyọ̀ pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló kù lọ́rùn rẹ̀, kó má bàa yàtọ̀ sí àwọn ìyálọ́jà. Yorùbá ló sì ń sọ ní gbangba. Òyìnbó tó bá fẹ́ gbọ́, kó wá ògbufọ̀. Obìnrin tó kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni o. Nígbà tí wọ́n bá tún bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ẹ rántí pé nígbà kan, òun lobìnrin yìí fi ń dá ajẹ́lẹ̀ lóró.

Kì í ṣe orin àti ariwo nìkan ni wọ́n fi jà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú. Wọ́n gba oníṣirò owó láti yẹ àkáǹtì ìjọba Ẹ̀gbá wò. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ bá àwọn aṣojú NCNC lọ, òun nìkan ṣoṣo lobìnrin láàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ pé ìjọba òyìnbó ti ba ipò obìnrin ilẹ̀ wa jẹ́. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní ìgbafẹ́ làwọn ń lọ, wọ́n sì wọ́de. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ jókòó sí iwájú ààfin Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Wọ́n sùn síbẹ̀. Wọ́n kọrin èébú fún ọba títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú oṣù Kejìlá wọ́n tún padà lọ. Ibẹ̀ ni ìyá Màmá wà. Alárò ni wọ́n ní Ìtòkú. Màmá wà lẹ́yìn wọn, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún méjì, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n rántí. Ìyá wọn ló sọ fún wọn, ó sì sọ ọ́ títí ó fi dà bíi pé wọ́n rántí.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìwé Wọlé Ṣóyinká tó pè ní Aké. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Keje ọdún 1948 Aláké fi ìlú sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949 ó kọ̀wé pé òun sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Obìnrin mẹ́rin wọ inú ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso ìlú.

Ibí ni ìtàn máa ń parí sí nígbà tí a bá ń sọ ọ́ ní ọjọ́ àyájọ́ obìnrin. A ó pàtẹ́wọ́, a ó lọ sílé. Ìparí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1950, Aláké padà sórí oyè.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Pelewura sọ́kàn. Obìnrin tí kò ní ìbò lè da ọjà rú, ó lè mú kí ìjọba sún owó orí síwájú, ó tiẹ̀ lè lé ọba kúrò nílùú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń wá ìbò fún? Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì rò pé òun ti mú mi. Ní tèmi, ìdáhùn wà nínú ọdún 1950 yẹn. Ohun tí o bá fi ìjókòó òru kan gbà, o ní láti máa padà lọ jókòó ní gbogbo òru kí wọ́n má bàa gbà á padà. Obìnrin tó ní ọmọ lẹ́yìn, tó ní aró nínú ìkòkò, kò lè máa sùn sí Aké lójoojúmọ́. Àwọn tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò nílò láti sùn síta. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn mọ ìyàtọ̀ náà ju wa lọ, nítorí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà kejì, wọ́n sì mọ ohun tó ná wọn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Lọ́dún 1950, Èkó fún gbogbo àgbà, tọkùnrin tobìnrin, láyè láti dìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n so ìbò mọ́ owó orí: ẹni tó bá san owó orí ló lè dìbò. Ẹ tún un kà. Àwọn obìnrin tó sùn sí ìta ààfin kí wọ́n má bàa san owó orí tí kò fún wọn lẹ́nu nínú ìjọba, ni wọ́n wá ń sọ fún wọn pé wọn ò lẹ́nu nínú ìjọba nítorí pé wọn ò san owó orí. Nígbà tí wọ́n ń san, wọn ò ní ìbò. Nígbà tí wọn ò san mọ́, wọn ò ní ìbò. Tí mo bá kọ eléyìí sínú eré, olùkọ́ wa máa ní àsọdùn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1951 Fúnmiláyọ̀ fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Kì í ṣe ìbò ará ìlú ló ń gbéni wọlé tààrà nígbà náà; àwọn ará ìlú á yan aṣojú, àwọn aṣojú náà á tún yan ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú ló ti fìdí rẹmi. Ní 1953 ó pe àwọn obìnrin láti oríṣiríṣi àgbègbè Nàìjíríà jọ sí Abẹ́òkúta, nǹkan bí irinwó aṣojú, wọ́n sì ń béèrè pé kí gbogbo obìnrin tó ti dàgbà lè dìbò, kí obìnrin sì ní àyè nínú àwọn ìgbìmọ̀. Ní Ìlà-Oòrùn, níbi tí Margaret Ekpo ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọdún 1954 ni obìnrin rí ẹ̀tọ́ náà gbà láìsí wàhálà owó orí. Nígbà tó di ìdìbò 1959, èyí tó ṣáájú òmìnira, gbogbo obìnrin gúúsù tó ti dàgbà ti lè dìbò. Fúnmiláyọ̀ jáde fún ìbò lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ tó ti bá ṣe iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi. Gbogbo ìgbà tó dupò nínú ìbò gbogbogbòò ló fìdí rẹmi. Obìnrin tó ṣíṣẹ́ jù kí àwọn ẹlòmíràn lè tẹ̀ka, ìka yẹn kò gbé òun fúnra rẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ rí. Obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Nàìjíríà, Wúràọlá Ẹ̀san ti Ìbàdàn, yíyàn ni wọ́n yàn án síbẹ̀ lọ́dún 1960.

Gúúsù nìyẹn. Ní Àríwá, nígbà tí a gba òmìnira, obìnrin kò ní ìbò. Nígbà tí a dìbò lọ́dún 1964, kò ní. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láyé nígbà òmìnira kò lè sọ ẹni tó máa ṣàkóso wọn, kì í sì í ṣe òyìnbó ló ń dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Gambo Sawaba ti Zaria, ọmọ ẹgbẹ́ NEPU, fi ìgbésí ayé rẹ̀ ja ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n tì í mọ́lé ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ó wá sí Abẹ́òkúta wá bá Fúnmiláyọ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó obìnrin jọ, ó sì padà sí ibi tí wọ́n ti ń nà án. Ọdún 1976, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n tó fún obìnrin Àríwá ní ìbò. Ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí gbogbo obìnrin Nàìjíríà lè dìbò sí ni ti 1979.

Fúnmiláyọ̀ kò rí i. Nínú oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó, wọ́n ju ìyá arúgbó náà sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978 ló kú.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá, nítorí kò gba ìdáhùn mi, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní ìbò kì í já mọ́ nǹkan kan nílẹ̀ yìí, pé èsì tí wọ́n ní a máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà ní 2023, a ò rí i, pé òun dìbò, wọ́n sì dá jàgídíjàgan sílẹ̀ ní ibùdó tòun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò lè bá a jiyàn, pàápàá bí òun ṣe gba káàdì tirẹ̀ tí èmi ò gba tèmi. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi iye hàn án. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde wá dìbò ààrẹ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Nínú ìwé àwọn elétò ìdìbò kan náà, àwọn tó kọ "akẹ́kọ̀ọ́" síwájú orúkọ wọn lé ní mílíọ̀nù 26. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìwé ju gbogbo olùdìbò lọ, àgbà àti èwe, jákèjádò Nàìjíríà. Ó wò ó títí. Ó ní bóyá wọ́n ṣi kọ. Mo ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, ó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù 44. Nínú ìjókòó 109 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, mẹ́ta ni obìnrin tí wọ́n kéde pé ó wọlé lẹ́yìn ìdìbò náà. Ọdún kan ṣáájú, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin dìbò ta ko àbá tó fẹ́ kí àyè púpọ̀ sí i wà fún obìnrin nínú ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin lọ dúró sí ẹnu géètì wọn l'Ábùjá. Mo rí àwòrán wọn lórí fóònù nígbà náà, mo fi ìka tì í kọjá. Nígbà tí mo ka ìtàn Aké tán, mo lọ wá àwòrán náà jáde: obìnrin lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú géètì, wọ́n ń kọrin. Àárín rẹ̀ sí 1947 jẹ́ ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Aago méjì ọ̀sán kọjá kí Màmá tó tẹ̀ka lọ́jọ́ yẹn. Láàárín ìgbà náà wọ́n dìde lórí àga, wọ́n jókòó, wọ́n gbé àga fún aboyún kan, wọ́n gbà á padà, wọ́n bá ìyá ẹlẹ́pà jà lórí ṣéńjì. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nílé, mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n dìbò fún. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ìyẹn kò kàn mí.

Ní ọdún yìí mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ mi láti ìlú ilé ẹ̀kọ́ wa lọ sí Abẹ́òkúta, sí ibùdó kan náà pẹ̀lú Màmá. Mo pè wọ́n lórí fóònù láti sọ fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa yọ̀, wọ́n máa ṣàdúrà gígùn fún mi. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní kí n má gbàgbé àga.